A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ètò Ọkọ̀ Èrò Kumasi àti Àwọn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Léèrè

Kejetia a máa jí kí àkùkọ tó kọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọkọ̀ akérò kéékèèké tí àwọn ará Gánà ń pè ní trotro á ti máa rọ́ wọlé láti Suame, láti Tafo, láti Asawase àti láti Aboabo, kọ́ńdọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní "mate", á sì máa fi ohùn gooro ké orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Bí èrò bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbé abọ́ irin gbàǹgbà dání á ti yí wọn ká, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ẹrù tí wọn yóò rù. Kayayei ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí: "kaya" ni ẹrù ní èdè Haúsá, "yei" sì ni obìnrin ní èdè Gà. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti ìhà àríwá Gánà, tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ wá wá oúnjẹ òòjọ́ ní Kumasi, olú-ìlú ẹkùn Àṣáńtì.

Nígbà tí mo wà ní ìlú náà, mo bi ìyá kan tó ń ta tòmátì lẹ́bàá gáréèjì bóyá ẹnikẹ́ni ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí nípa ibi tó yẹ kí ọkọ̀ máa já èrò sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti wá, nítorí náà Yorùbá kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọmọ mi, ta ni mo jẹ́ tí wọ́n á fi bi mí?" Ó sì yíjú padà sí oníbàárà rẹ̀. Ìbéèrè ìyá yìí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òní dá lé, nítorí pé ìbéèrè òṣèlú ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan.

Èrò tèmi ni pé àwọn tí kò ní ọkọ̀ ara wọn, tí wọ́n ń jí ní ìdájí, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ méjì kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́, ni wọ́n mọ ètò ìrìnnà ìlú jù. Àwọn náà ni wọ́n sì jìnnà jù sí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu lórí rẹ̀. Kumasi fi èyí hàn lọ́nà tí àwa ará Nàìjíríà lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀, nítorí ìlú náà jọ Ìbàdàn ju bí ó ṣe jọ Èkó lọ: ìlú ńlá tí kò sí létí òkun, tí ọjà wà lókàn rẹ̀, tí ọ̀nà gbogbo sì ń já sí ojú kan.

Ìwà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọdún 1903 ni ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń là bọ̀ láti Sekondi wọ Kumasi, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, ṣíwájú ogun láti kojú wọn. Wúrà Obuasi, àti bí àwọn ọmọ ogun yóò ṣe tètè dé ibi tí ọ̀tẹ̀ bá ti bẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n fi wọn ibi tí ojú irin yóò gbà. Kòkó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Ẹni tó fẹ́ lọ láti abúlé kan sí abúlé kejì kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀nà tirẹ̀ nígbà tó yá, ìyẹn lọ́rí onípákó, àti lẹ́yìn rẹ̀ trotro, tí wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wá láti inú tọ́rọ́ tí wọ́n máa ń san lówó ọkọ̀ nígbà àwọn òyìnbó. Ohun tí ìjọba kò ṣe fún tálákà ni tálákà ṣe fún ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìjọba sì ti ń wo ohun tí tálákà ṣe yìí bí ìdọ̀tí tó yẹ kí wọ́n gbá kúrò lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ àtúnkọ́ Kejetia ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ní ọdún 2015, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ John Mahama nígbà tó kọ́kọ́ wà lórí oyè, wọ́n kó àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà kúrò níbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ Contracta láti ilẹ̀ Brazil lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Race Course ni wọ́n ní kí púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà náà kó lọ. Nígbà tí ipele kìíní parí, tí àwọn ọlọ́jà sì ń wọlé ní ọdún 2019, ohun tí ojú rí níbẹ̀ dára: ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 8,000, àti gáréèjì tó wà pọ̀ mọ́ ọjà. N kò ní bú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ Kejetia àtijọ́, tó mọ ẹrẹ̀ rẹ̀ nígbà òjò àti iná tó máa ń jó ọjà ńlá náà léraléra, kò ní sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí gáréèjì kúrò nídìí ọjà, bó ṣe ọdún kan ni, bó sì ṣe mẹ́rin. Obìnrin tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ata méjì wá láti Tafo á sọ̀ kalẹ̀ níbi tó jìnnà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó di dandan kó san owó ọkọ̀ kejì tàbí kó pe aláàárù. Aláàárù náà á béèrè owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ìrìn ti gùn, ọrùn ni wọ́n sì fi ń rù ú. Owó yẹn kò sí nínú ìwé àdéhùn kankan, báńkì kankan kò sì yá ẹnikẹ́ni láti san án. Èrè orí ata ló ti ń jáde. Bí wọ́n bá jókòó ti obìnrin bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan kí wọ́n tó ya àwòrán ilé, á sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó gbé èrò pẹ̀lú ẹrù. Ó lè jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó máa bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ Brazil kan náà tí Contracta ti wá ni ìlú Porto Alegre wà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989 sí í pe àwọn ará àdúgbò tálákà jókòó láti pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó ìjọba ìlú ṣe. Gbogbo àgbáyé ló lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Sìmẹ́ǹtì àti irin la rí rà lọ́dọ̀ àwọn ará Brazil; a kò bá wọn ra èyí.

Kì í ṣe pé Kumasi ṣàìní ẹni tí wọ́n lè bi. Ọjà náà ní olórí obìnrin fún oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan, ti iṣu lọ́tọ̀, ti tòmátì lọ́tọ̀. Ohemma ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì jọ àwọn ìyálọ́jà tiwa. Wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń bá àwọn tó ń kó ọjà wá láti oko dúnàádúrà, ẹ̀kọ́ wọn nípa bí ẹrù ṣe ń rìn kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ní yunifásítì. Síbẹ̀ n kò ní kí ìjọba ka ohun tí ohemma bá sọ sí ohun tí gbogbo ènìyàn sọ. Ẹni tó ní ìsọ̀ àti ẹni tó ń ru ẹrù lọ sí ìsọ̀ náà kò fẹ́ ohun kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù onílé kò ní ohemma kankan tó ń sọ̀rọ̀ fún un.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé àwọn kayayei wọ̀nyí ti sanwó orí fún ìlú. Títí di ọdún 2017 ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó ọjà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, kí Mínísítà fún Ètò Ìṣúná, Ken Ofori-Atta, tó kéde nínú ìṣúná ọdún náà pé wọ́n ti fòpin sí i. Ìjọba yọ owó náà, ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti yọ owó, wọn kò fi àga kankan rọ́pò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni kò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Kumasi. Ìlú wọn ní àríwá ni orúkọ wọn wà, bí ó bá wà níbìkan rárá. Gbogbo ẹni tó bá mọ ìṣirò ìbò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Olóṣèlú kì í ná owó epo lọ bá ẹni tí kò lè dìbò fún un.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Zongo náà kò jìnnà sí èyí. Zongo ni àdúgbò àwọn àlejò, níbi tí Haúsá, Mosí, Dagomba àti Yorùbá ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn Akan ṣì ń pe àwọn ènìyàn wa ní Alata, ọṣẹ dúdú wa sì ni wọ́n ń pè ní alata samina títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló sì palẹ̀ mọ́ wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn tó ṣẹ́ kù àti àwọn ọmọ wọn kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: má gbé ohùn rẹ sókè. Mo gbà pé apá kan ìdáhùn ìyá alátòmátì yẹn ti ibẹ̀ wá. Ìjọba Nana Akufo-Addo dá ilé iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè Zongo ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n kò ju ọdún mẹ́rin lọ tí wọ́n fi pa á rẹ́.

Wàyí o, ibi tí ìmọ̀ ìṣèlú ti wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ààlà. Títí di ọdún 2012, ìgbìmọ̀ ìlú kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní KMA, ló ń ṣe àkóso gbogbo Kumasi. Ní ọdún náà ni wọ́n gé Asokore Mampong kúrò lára rẹ̀, tí Asawase àti Aboabo sì bá a lọ. Ní ọdún 2018 wọ́n tún gé Asokwa, Oforikrom, Kwadaso, Suame àti Tafo Àtijọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ìjọba sún mọ́ ará ìlú, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún gbọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé ní ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tó kù sábẹ́ KMA lé díẹ̀ ní 440,000, nígbà tó jẹ́ pé iye ènìyàn tó ń gbé ní Kumasi àti agbègbè rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ẹ wò ó dáadáa. Kejetia ṣì wà lábẹ́ KMA. KMA ló ń pinnu ibi tí trotro lè dúró, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ gbà, àti ẹni tí wọ́n máa lé kúrò lẹ́bàá títì. Ṣùgbọ́n ará Aboabo tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Kejetia lójoojúmọ́ kò dìbò fún ọmọ ìgbìmọ̀ KMA kankan. Bí wọ́n bá ṣí ibùdókọ̀ rẹ̀ kúrò lónìí, kò sí ẹni tó lè fi ìbò bá wí lọ́la. Aṣojú tirẹ̀ ní Asokore Mampong á ní ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ òun, òótọ́ ló sì ń sọ. Wọ́n mú ìjọba sún mọ́ ilé rẹ̀, wọ́n sì gbé e jìnnà sí ibi tó ti ń jẹun.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Mayor ní Kumasi, ará ìlú kọ́ ló yàn án. Abala 243 nínú ìwé òfin Gánà ti ọdún 1992 sọ pé Ààrẹ ni yóò yan olórí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó wà níjòókòó, tí wọ́n sì dìbò, tó fọwọ́ sí i. Ààrẹ náà ló tún ń yan tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Wọ́n gbìyànjú láti yí èyí padà. Ìdìbò tó yẹ kí ará ìlú fi sọ èrò wọn lórí àtúnṣe ètò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n fagi lé nígbà tó ku díẹ̀ kó wáyé, nítorí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kò fohùn ṣọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀gá tí Mayor ń wò lójú wà ní Accra. Bí Ààrẹ bá fẹ́ kí títì mọ́ tónítóní kí àlejò tó dé, títì á mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé òfin kan náà, ní abala 35 àti 240, pàṣẹ pé kí wọ́n fún ará ìlú láyè láti kópa nínú ìpinnu ní gbogbo ìpele ìjọba. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 2016 tún èyí sọ. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti ọdún 2006 fún wọn ní ọdún mẹ́wàá láti jẹ́ kí àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò rọrùn fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ọdún mẹ́wàá náà pé ní 2016, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ò sì tíì rí ọ̀nà wọ trotro. Òfin kò wọ́n ní Gánà, gẹ́gẹ́ bí kò ti wọ́n ní Nàìjíríà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni iye owó ọkọ̀. Ní Gánà, owó ọkọ̀ kì í kàn wọ́n bó ṣe wu awakọ̀. Ẹgbẹ́ awakọ̀ GPRTU àti àwọn ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀ máa ń jókòó pẹ̀lú ìjọba, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á sì kéde ìdá tó gun orí owó náà tàbí tó kúrò lórí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí owó sídì lágbára sí i, wọ́n kéde pé owó ọkọ̀ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ètò tó dára ni lójú mi, ó sàn ju tiwa tí kọ́ńdọ́ kan ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá owó ní Ọ̀jọ́ta. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó fún èrò? Ìjọba á ní àwọn ni. Ìjọba ló ń gba owó orí lórí epo, ìjọba ló ń bẹ̀rù ìyanṣẹ́lódì àwọn awakọ̀, ìjọba ló sì tún ní òun ń gbẹjọ́ èrò rò. Ẹjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ lọ́yà kan. Kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tó lè dí awakọ̀ lọ́wọ́ kí ó má gé ọ̀nà kúrú, kó já èrò sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, kí wọ́n sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún ìrìn kan. Èrò nìkan ló mọ̀ pé èyí ń ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ àti wákàtí tó ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé Gánà ti gbìyànjú ìkópa yìí rí, kò sì so èso. Wọ́n ń tọ́ka sí Aayalolo, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Accra ní ìparí ọdún 2016 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìmúrasílẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé lọ́wọ́ sí. Wọ́n ra bọ́ọ̀sì Scania 245. Wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ trotro sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ láti lè wà nínú ètò náà. Síbẹ̀ bọ́ọ̀sì náà kò gbérí bí wọ́n ti lérò. Òótọ́ ni. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi dáhùn. Àkọ́kọ́, wọn kò rí ojú ọ̀nà tí wọ́n pinnu láti yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì náà là, nítorí náà inú sún-kẹẹrẹ kan náà ni òun àti trotro jọ ń wà. Kí ni èrò fẹ́ wá gùn ún ṣe? Èkejì, àwọn tó ń ta ìrìnnà ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó ń rà á kò rí tirẹ̀ sọ. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì, àwọn tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ fún Báńkì Àgbáyé sì máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn nítorí pé ẹgbẹ́ awakọ̀ ní ọ́fíìsì tí ènìyàn lè kọ lẹ́tà sí.

Èkó náà ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí LAMATA gbé bọ́ọ̀sì BRT jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà méjìlélógún, ẹgbẹ́ àjùmọ̀ní àwọn NURTW ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì lé lọ́wọ́. Ọgbọ́n òṣèlú gidi ni, nítorí bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìjà ìgboro ni ì bá fi parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, tí wọ́n fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rìn dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wà lára wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ́kọ́ wá bi àwọn ará Ìlasamàjà tàbí Ìjẹ́ṣà bí wọn yóò ṣe dé ojú títì tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò.

Kumasi ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní pragia. Òfin ọdún 2012 ní Gánà ti de fífi alùpùpù kérò tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ alùpùpù ń kérò nígbà náà pàápàá; Mahama ṣèlérí nígbà ìpolongo ìbò ọdún 2020 pé òun yóò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu. Mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìjàǹbá, n kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí pragia bá pọ̀ sí, ẹ yẹ ibẹ̀ wò: ẹ ó rí i pé ọ̀nà ibẹ̀ kò dára tó fún trotro, tàbí pé èrò ibẹ̀ kò pọ̀ tó láti kún ọkọ̀ lójú awakọ̀. Pragia dà bí àmì pupa lórí àwòrán ìlú, ó ń tọ́ka ibi tí ètò ìrìnnà kò dé. Ẹni tó bá kó wọn kúrò láìkọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n ń sọ ti sun lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i.

Àwọn ibòmíràn ti rí ọ̀nà kà á. Ní Nairobi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gun matatu, ọkọ̀ tó dà bíi trotro, káàkiri ìlú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n sì ya àwòrán gbogbo ọ̀nà tí ó ń gbà. Ní ọdún 2014 ni wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn, ìjọba ìlú náà sì gbà á gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Ìmọ̀ tó wà lórí èrò ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ní Los Angeles lẹ́yìn òkun, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà, adúláwọ̀ àti ọmọ ilẹ̀ Latin Amẹ́ríkà, gbé àjọ ìrìnnà ìlú lọ sí kóòtù ní ọdún 1994, nítorí pé àjọ náà ń kó owó lé ojú irin tí àwọn olówó ń gùn, ó sì ń fi owó kún owó bọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1996 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́dún mẹ́wàá tó mú kí àjọ náà ra bọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i, tí kò sì jẹ́ kí ó gbé owó ga bó ṣe fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé àwọn èrò ọkọ̀ ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ awakọ̀ pọ̀ ní Kumasi àti ní Ìbàdàn ju kí a kà wọ́n lọ. Ẹ dárúkọ ẹgbẹ́ èrò ọkọ̀ kan ṣoṣo fún mi.

Ọ̀rọ̀ pé ìkópa ará ìlú ń fi iṣẹ́ falẹ̀ ni àtakò tó lágbára jù tí mo ti gbọ́, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìpàdé lè di eré. Mo ti wà nínú irú rẹ̀ rí: wọ́n pè é sí agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n pín ráìsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ará ìlú ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń jẹun lórí ohun tó bá tà lónìí kò lè wà níbẹ̀. Bí irú èyí ni wọ́n bá fẹ́ ṣe, kí wọ́n kúkú má ṣe é, kí wọ́n fi owó ráìsì tún títì ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni kí wọ́n tọ ènìyàn lọ síbi tó wà: kí òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìlú lọ sí Kejetia ní aago márùn-ún ìdájí, kó lọ sí Aboabo lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó sọ Twi, kó sọ Haúsá, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti sọ ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn náà ṣe. Apá ìkẹyìn yìí ló ṣòro jù, nítorí ìwé ìròyìn kì í ya fọ́tò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àga. Bí wọ́n bá ń dúnàádúrà lórí owó ọkọ̀, kí aṣojú èrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbò, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àlejò. Kí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú tó pín Kumasi mọ́ra wọn lọ́wọ́ sì ní ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe kan lórí ìrìnnà, tí ará Asawase lè ní aṣojú nínú rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan Kejetia. Òfin tuntun tí èyí nílò kò pọ̀. Ìfẹ́ inú ló wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni nílé má ṣe ka èyí bí ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà nìkan. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ọjà àti gáréèjì sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ bi ara yín pé ta ló ń darí gáréèjì ìlú yín. Ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé fòfin de NURTW ní ọjọ́ díẹ̀ tó gorí oyè ní ọdún 2019, ìpínlẹ̀ sì dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa darí àwọn gáréèjì. Ó tún kọ́ àwọn ibùdókọ̀ tó rẹwà sí Iwo Road, Challenge àti Òjòó. Mo gbóríyìn fún un nítorí àwọn ilé náà. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn, èrò máíkírà sì ń la mẹ́ta sí mẹ́rin nínú wọn kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Àwọn alága á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè gáréèjì wọn padà ní ọjọ́ kan. Ìjà náà á gbóná láàárín wọn, gómìnà àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì ní tìtorí ará ìlú làwọn ṣe ń jà.

Ipele kejì Kejetia bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019 pẹ̀lú owó tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe onídùúró fún, ó sì bá ìdádúró pàdé lẹ́yìn tí Gánà dá sísan gbèsè òkèèrè rẹ̀ dúró ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ìdádúró kò dára fún ọlọ́jà tó ń retí ìsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò tíì kọ́ tán ṣì ṣeé yí padà, ìyá tó ń ta tòmátì sì ń jókòó síbi kan náà lójoojúmọ́ láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ bi í léèrè kò ní wá a tì.